Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí owó ẹgbẹ́ baseball àwọn ọmọ wa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Houston là ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ń gbá baseball, ìdíje wọn kan sì ń bọ̀ ní Dallas. Owó hòtẹ́ẹ̀lì àti aṣọ ṣì ku $2,400. Ṣokoléètì ni ẹgbẹ́ náà ní ká tà lọ́dún tó kọjá láti fi kówó jọ. Páálí méjì ló yọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ mi nínú oòrùn Texas, èmi náà ni mo sì sanwó ẹ̀! Mo ń rò ó pé kí n máa dín pọfúpọọ̀fù lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ṣé àwọn òyìnbó á rà á? Ṣé ó máa gba ìwé àṣẹ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, èló lẹ tà á? Báwo lẹ sì ṣe mú àwọn òbí yòókù jáde? Àwa mẹ́ta péré la máa ń yọjú.