Ìkọ́ tí mo yà fún wágọ́ọ̀nù HO ń tú níbi gẹ̀rẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Adérìn_Columbus:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Columbus ní Ohio ni mò ń gbé, ojú irin HO (ọkọ̀ ojú irin kékeré, ọkọ̀ gidi tí a fi 87 pín) ni mo sì tẹ́ sí yàrá abẹ́ ilé. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo ohun tí mo ní: wágọ́ọ̀nù alápòótí ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 40, àwọn tó ń kó èédú, àti ọkọ̀ èrò mẹ́ta ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 85.

Kàkà kí n máa ra ìkọ́, mo ní kí n ya tèmi nínú FreeCAD, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, kí n sì fi ẹ̀rọ 3D tó ń lo resin (ike olómi tó ń le) tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó gbọ́dọ̀ lè bá Kadee kọ́, ìyẹn ìkọ́ tí ilé iṣẹ́ Kadee ń tà, torí òun ló wà lára ẹ́ńjìnnì mi. Mo tẹ̀ lé ìrísí Kadee náà: ìka tó ń ṣí tó sì ń pa dé, orí, ọrùn, àti àpótí kékeré tí ọrùn ń wọ̀ lábẹ́ wágọ́ọ̀nù. Sípíríǹgì nìkan ni mo yí padà. Èyí tí wọ́n fi waya ṣe yẹn máa ń ta lọ sábẹ́ àga, tí ojú èèyàn ò sì ní rí i mọ́ láéláé. Mo wá ya ahọ́n tín-ín-rín kan, 0.6 mm, mọ́ ara ìka, kó máa tì í pa dé.

Lórí pẹrẹsẹ, wágọ́ọ̀nù mẹ́wàá ń yí ká láìsí ìjà. Gẹ̀rẹ́ ni ìṣòro, ó jẹ́ 3 nínú 100. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń bọ́ sórí gẹ̀rẹ́ báyìí, ìkọ́ kan á tú, gbogbo àwọn tó kù á rọra yọ̀ padà sẹ́yìn. Kì í ṣe ibì kan náà ló ti ń tú. Ọkọ̀ èrò tún ń fa tirẹ̀: níbi tí ojú irin ti yí, rédíọ̀sì 457 mm, tí mo bá fi ẹ́ńjìnnì tì wọ́n sẹ́yìn, wọ́n á bọ́ kúrò lójú irin.

Ṣé kí n mú ìka yẹn nípọn sí i ni, àbí resin ni kò lágbára? Mi ò lo òòfà tí wọ́n fi ń ṣí Kadee o. Igi sùyà tí mo pọ́n lẹ́nu ni mo fi ń ṣí ìkọ́.

ÌyáWágọ́ọ̀nù:

Àbúrò, ra Kadee nọ́ńbà 5, kó o lọ sùn. Ìbejì ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, Keith àti Dale Edwards. Táíwò àti Kẹ́hìndé ti jẹ ìyà yìí tán fún ẹ, kí lo tún fẹ́ fi ara ẹ dán wò? Resin á ṣẹ́. Tí kò bá ṣẹ́ lónìí, á ṣẹ́ lọ́jọ́ tí àlejò bá wá wò ó.

Owó ló ń ṣe ẹ́ ni? Tó bá jẹ́ owó, ta ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ èrò yẹn. Wọn ò bá ojú irin ẹ mu tẹ́lẹ̀.

BàbáLéètì:

Adérìn, ra ìkọ́ o, má rà á o, ìyẹn ò kàn mí. Ẹni tó bá fẹ́ ya nǹkan, kó yà á. Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan ìka yẹn. Kò jẹ̀bi.

Jẹ́ ká ṣírò. Wágọ́ọ̀nù ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 40 gùn tó ínṣì márùn-ún àbọ̀ nínú HO. Tó o bá tẹ̀ lé ìwọ̀n tí NMRA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré ní Amẹ́ríkà, dábàá, áúńsì kan fún ọkọ̀ náà àti ìdajì áúńsì lórí ínṣì kọ̀ọ̀kan, áúńsì 3.75 ló máa wọ̀n, bíi 106 gíráàmù. Mẹ́wàá rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní kílò kan. Gẹ̀rẹ́ rẹ á fi nǹkan bíi 32 gíráàmù fà á sẹ́yìn. Kí ìfarakanra ẹsẹ̀ ọkọ̀ tún sọ ìyẹn di ìlọ́po méjì, kò ì tíì pé 70. Resin wo ló ń ṣẹ́ lábẹ́ 70 gíráàmù? Tó bá sì jẹ́ agbára ni kò tó, ìkọ́ tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì gan-an ni ì bá máa tú nígbà gbogbo, torí òun ló ń fa gbogbo ìyókù. Ìwọ fúnra ẹ sọ pé kì í ṣe ibì kan náà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀kan ń gun èkejì. Kọ́ àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún mọ́ ti òsì níwájú àyà rẹ, kó o máa fà á. Kò ní tú. Wá gbé ìgbọ̀nwọ́ kan sókè bó o ṣe ń fà á lọ. Ìka ò ṣí, ìka ò ṣẹ́, ó kàn gba òkè yọ ni.

Báwo ni ọ̀kan ṣe wá ń ga ju èkejì lọ? Láti àárín bọ́gì (férémù tó gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀) dé ojú ìkọ́ lára wágọ́ọ̀nù 40 yẹn tó 24 mm. Tí ojú irin bá yí lójijì láti pẹrẹsẹ sí 3 nínú 100, sọ 24 di ìlọ́po 0.03, ó jẹ́ 0.72 mm. Ìyẹn ni pé tí bọ́gì iwájú ọkọ̀ kan bá ṣì wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́, tí ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ sì ti gùn ún tán, ìkọ́ ti iwájú ti fi 0.72 ga ju ti ẹ̀yìn lọ, kódà bí wọ́n bá dọ́gba ṣinṣin lórí pẹrẹsẹ. Ti ọkọ̀ èrò tó ìlọ́po méjì rẹ̀, torí ìkọ́ tirẹ̀ jìnnà sí bọ́gì tó 50 mm: 1.5 mm.

Wá fi wé ọkọ̀ gidi. Òfin Amẹ́ríkà ní àárín ìkọ́ kò gbọdọ̀ ga ju ínṣì 34.5 lọ láti orí irin, kò sì gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 31.5 lọ, nítorí ọkọ̀ òfìfo máa ń ga ju èyí tó ru ẹrù. Ínṣì mẹ́ta péré. Sọ ọ́ di HO, kò pé 0.9 mm. Gẹ̀rẹ́ rẹ nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo rẹ̀ tán, a ò sì tíì dé inú àpótí.

Inú àpótí ni mo rò pé ọ̀ràn wà jù. Àlàfo mélòó lo fi sí àárín ọrùn àti ìdérí? Tó bá jẹ́ 0.2 mm, tí ọrùn sì wọlé ní 5 mm, tí orí yọ síta ní 7 mm, orí yẹn á fi nǹkan bíi 0.28 tẹ̀ sílẹ̀. O ò ní fojú rí i, ṣùgbọ́n rò ó mọ́ 0.72, ó di 1 mm.

Níbi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ tọ́nà, iṣẹ́ gbígbẹ́ irin lórí ẹ̀rọ léètì, ní Lóókò Èbúté-Mẹ́tta, ilé iṣẹ́ rélùwéè, ọ̀gá wa kì í jẹ́ ká tan léètì láìjẹ́ pé a ti kọ́kọ́ ṣe òṣùwọ̀n tá a máa fi yẹ iṣẹ́ náà wò. Ìbínú ọkùnrin náà le, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ dára. Mú ègé idẹ tàbí ike líle kan tó lè dúró lórí irin méjèèjì, kó o fa ìlà sí i ní 9.92 mm láti orí irin, ìyẹn 25/64 ínṣì. Ibẹ̀ ni àárín ìkọ́ HO gbọ́dọ̀ wà. Kadee ń ta òṣùwọ̀n yìí, nọ́ńbà 205. Tó ò bá ní ra ohun kankan lọ́wọ́ wọn, ra ìyẹn. Orí irin ni kó o ti máa wọ̀n ọ́n, má wọ̀n ọ́n láti abẹ́ wágọ́ọ̀nù, torí abẹ́ wágọ́ọ̀nù kì í dọ́gba láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì. Èyí tó bá relẹ̀, fi wọ́ṣà pẹlẹbẹ 0.25 tàbí 0.38 mm sí àárín bọ́gì àti ara ọkọ̀.

Ojú tí ìka fi ń fa ìka, ó gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán bí ògiri. Resin máa ń fẹ̀ díẹ̀ níbi tó bá kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ irin pẹlẹbẹ inú ẹ̀rọ 3D, ojú náà á wá dagun. Bó bá ti dagun, fífà gan-an ló máa tì í sókè. Yàtọ̀ sí ìyẹn, má tún ìrísí yẹn ṣe. Láti 1873 tí Janney, ẹni tó hùmọ̀ ìkọ́ oníka yìí, ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń lò ó. Kó tó dé, òṣìṣẹ́ ló ń dúró sáàárín wágọ́ọ̀nù méjì tó ń bọ̀ wá kanra, tó ń fọwọ́ ki irin bọ inú ihò. Ọ̀pọ̀ ló fi ìka ọwọ́ síbẹ̀, àwọn kan fi ẹ̀mí sí i. Ọdún 1893 ni ìjọba wọn ṣòfin tó fipá mú àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè láti lo ìkọ́ tó ń kọ́ ara rẹ̀.

Ahọ́n ike tó o fi ṣe sípíríǹgì, yọ ọ́ kúrò. Ike tó bá tẹ̀ tí kò sinmi máa ń jọ̀wọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lónìí ó ń ti ìka pa, tó bá yá á kàn máa fara kàn án ni. Waya phosphor bronze (irú idẹ kan tí òòfà kì í mú) 0.2 mm ni kó o lò. Níwọ̀n ìgbà tí o ò lo òòfà, okùn gìtá tó tín-ín-rín jù lọ náà á ṣe é.

Ọkọ̀ èrò ńkọ́? Lórí rédíọ̀sì 457, ìkọ́ wágọ́ọ̀nù 40 ń yà sí ìta àárín ojú irin ní nǹkan bíi 3.5 mm. Ti ọkọ̀ 85 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 14. Tí ọ̀kan bá ti wọ ibi tó yí, tí èkejì ṣì wà lórí ọ̀nà gígùn, ìkọ́ tí kò lè yà tó bẹ́ẹ̀ á fi ipá ti ọkọ̀ náà kúrò lójú irin. Ẹnu àpótí rẹ ló há. Fẹ̀ ẹ́, kó o sì mú ọrùn gùn sí i. Bó o bá sì so àpótí mọ́ bọ́gì, á máa yí dáadáa tó o bá ń fà á, ṣùgbọ́n tó o bá ń tì í, bọ́gì ló máa gba gbogbo agbára yẹn, á sì bọ́. Ìyá Wágọ́ọ̀nù ò parọ́ ṣá: ọkọ̀ tó gùn ní 297 mm ò ní iṣẹ́ lórí 457.

Adérìn_Columbus:

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an, kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín. Mo ti fi kálípà wọ̀n wọ́n. Èyí tó relẹ̀ jù wà ní 9.5, èyí tó ga jù ní 10.2. Àlàfo inú àpótí jẹ́ 0.25, torí ẹ̀rù ń bà mí pé ọrùn á há. Kí ni kí n fi sí i? Báwo sì ni kí n ṣe tẹ́ ìkọ́ sórí ẹ̀rọ, kí ojú tó ń fà yẹn má bàa dagun?

Ìyá, mi ò ní ta ọkọ̀ èrò o. Ìyàwó mi ló rà wọ́n fún mi.

ÌyáWágọ́ọ̀nù:

Ó dáa, mo ti mú ọ̀rọ̀ mi kúrò ńbẹ̀. Gbé wọn sórí pẹpẹ, kí ìyàwó máa rí wọn.

ỌmọDúgbẹ̀:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá wọn dá sí i láti Ìbàdàn. Ọkọ̀ ojú irin tiwa àtijọ́ ni mò ń ṣe, èyí tó dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901. Ojú irin ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀ ni, 1067 mm. Tí mo bá fi 87 pín in, 12.26 ni, mo wá ń lo ojú irin 12 mm tí wọ́n ń tà fún àwọn ọkọ̀ kéékèèké Switzerland. Wágọ́ọ̀nù mi relẹ̀ ju ti Adérìn lọ. Ṣé dandan ni kí n lo 9.92 yẹn? Òòfà ni mo sì fẹ́ lò, torí tí iná bá lọ, tó padà dé lójijì, mi ò fẹ́ kí ọwọ́ mi wà láàárín ọkọ̀.

BàbáLéètì:

ỌmọDúgbẹ̀, 9.92 wà kí ọkọ̀ rẹ lè bá ti ẹlòmíì kọ́. Ta ló ní ọkọ̀ 1067 HO mìíràn ládùúgbò rẹ? Mú gíga tó bá ọkọ̀ rẹ mu, kó o ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀ nínú idẹ, kó o má sì yà kúrò lórí rẹ̀ mọ́. Tó o bá ń fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì HO ẹnikẹ́ni fa tìrẹ lọ́jọ́ kan, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ 9.92 wọlé.

Ní ti òòfà, irin kékeré tó rọ̀ sísàlẹ̀ láti orí ìkọ́ ni òòfà àárín ojú irin ń fà, ọ̀kan sí apá ọ̀tún, èkejì sí òsì, ìka á sì ṣí. Ṣùgbọ́n ìyẹn ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò bá sí fífà láàárín ọkọ̀ méjèèjì ni. Dúró lórí òòfà, fi ẹ́ńjìnnì ti ọkọ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kí ìkọ́ lè dẹ̀, kó o tó lọ. Irin yẹn gbọ́dọ̀ fi 0.8 mm ga ju orí irin lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa kọ́ sí ibi tí ojú irin ti pínyà. Ìwọ o, má lo okùn gìtá. Òòfà á mú un. Wo ọ̀pá tó wà láàárín ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ náà: tó bá jẹ́ irin, òòfà á máa fa gbogbo wágọ́ọ̀nù, á sì máa rìn fúnra rẹ̀ lójú rẹ.

Adérìn, 0.1 mm lókè, 0.1 nísàlẹ̀ ti pọ̀ jù. Ṣe é kí gbogbo àlàfo náà jẹ́ 0.1, kó o fi fáìlì tín-ín-rín dán ọrùn, kó o sì ha èédú pẹ́ńsù sínú àpótí. Má fi òróró sí i, eruku á dì í pa. Gbé ìkọ́ dúró ní dídagun lórí ẹ̀rọ, kí ẹ̀yìn ọrùn kọjú sí irin ẹ̀rọ, kí ọ̀pá tó ń gbé e dúró má sì kan ojú tó ń fà. Gẹ̀rẹ́ rẹ, pín in: 1 nínú 100 fún gígùn tó ju ọkọ̀ tó gùn jù lọ, lẹ́yìn náà 2, lẹ́yìn náà 3. 0.72 yẹn á di 0.24 níbi ìyípadà kọ̀ọ̀kan. Kó o tó tún tẹ òmíràn, fi àwòrán ìka náà ránṣẹ́ síbí, gé e láàárín kí n lè rí igun ojú tó ń fà. Kọ ìwọ̀n sí i.