Ṣé ó yẹ kí olórí ilẹ̀ òkèèrè dá sí òṣèlú ilé onílé?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó bójú mu? Obama lọ sí London ní 2016, ó ní táwọn Gẹ̀ẹ́sì bá fi lè kúrò nínú EU, ìyẹn àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ẹ̀yìn ni wọ́n máa tò sí tó bá di àdéhùn òwò pẹ̀lú Amẹ́ríkà.

Èsì: Kò da rárá o! De Gaulle, ààrẹ ilẹ̀ Faransé, náà ṣe é ní Montréal ní 1967, àlejò ni o, ó dúró lókè gbọ̀ngán ìlú ló bá ń kígbe òmìnira Quebec, ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà, inú bí Pearson olórí ìjọba Kánádà gan-an, De Gaulle ò dé Ottawa, olú ìlú wọn, mọ́ tó fi wọ bàálù padà sílé.

Èsì: Òótọ́ lẹ sọ ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ti Obama, Cameron, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn, fúnra ẹ̀ ló dúró tì í níbẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì dìbò kúrò náà ni.