Èéfín kọ́ ló ń jò: ọ̀rọ̀ lórí bí a ó ṣe túmọ̀ emissions

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé kí àwa atúmọ̀ èdè máa fi "èéfín" túmọ̀ emissions, ìyẹn àwọn gáàsì tó ń tú sójú ọ̀run, nígbà tí a bá ń kọ̀wé nípa àwọn tó ń wa gáàsì. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kúrú, tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, kò lè ru ẹrù tí a fẹ́ dì lé e lórí, nítorí pé èyí tó le jù nínú ohun tó ń tú jáde lójú kànga gáàsì kò ní èéfín rárá.

Mẹ́téènì ló pọ̀ jù nínú gáàsì tí wọ́n ń wà jáde. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Bó bá bọ́ sójú ọ̀run láìjóná, agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná láàárín ọdún 20 fi ìlọ́po tó lé ní 80 ju ti carbon dioxide, gáàsì tó ń jáde bí epo bá jóná, tí ìwọ̀n wọn dọ́gba lọ. Kámẹ́rà àkànṣe ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń rí i. Àwọn àgbà ní "Èéfín nìwà, rírú ní ń rú." Ohun tí kò ṣeé fi pamọ́ ni èéfín nínú èdè wa, mẹ́téènì sì rèé, ó ṣeé fi pamọ́ dáadáa. Bí a bá kọ ọ́ pé ilé iṣẹ́ kan ti dín èéfín kù, ará abúlé á gbójú sókè, kò ní rí dúdú kankan, á gbà pé ọ̀ràn ti tán. Páìpù sì lè máa jò nínú igbó.

Ẹ jẹ́ kí á dúró lórí "jò" yìí. Púpọ̀ nínú wa ló ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i. "Gaasi n jo": ṣé ó ń jó ni àbí ó ń jò? Gáàsì tó bá jó, carbon dioxide ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń dà. Èyí tó bá jò, bó ṣe ti inú ilẹ̀ wá náà ló ṣe ń lọ. Àmì orí kan ló yà wọ́n. Nígbà tí kànga Ororo-1 bú lójú òkun lẹ́bàá Awoye, nílẹ̀ Ìlàjẹ, ní oṣù karùn-ún 2020, ó ń jò, ó sì ń jó.

Ìyá tó ń ta gáàsì ìdáná ládùúgbò wa kò nílò àwa atúmọ̀ èdè. Tó bá ti de páìpù mọ́ orí sílíńdà tán, á po ọṣẹ mọ́ omi, á fi kàn-ìn-kàn-ìn pa á yíká ojú ibi tó dè. Bí ọṣẹ bá ti ń wú, á ní, "Ó ń jò," á tún un dè. Gáàsì tiẹ̀ tilẹ̀ ní òórùn tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i ká lè tètè fura.

Nítorí náà, "ìtújáde" ni mo fara mọ́ fún gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Lábẹ́ rẹ̀, mo dábàá "gáàsì àsundànù" fún èyí tí wọ́n dáná sun, "gáàsì àtúdànù" fún èyí tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún láìsun ún, àti "gáàsì ajòdànù." Ẹ wo "a" ti ìkẹyìn yìí, kò ní àmì ìsàlẹ̀. Ẹnìkan ló sun àsundànù, ẹnìkan ló tú àtúdànù, ṣùgbọ́n ajòdànù fúnra rẹ̀ ló ń jò, àfi kí ẹnìkan wá a rí kó dí i.

Àbúrò wa kan ti ní "dànù" dà bí ẹ̀sùn. Kì í ṣe ẹ̀sùn. Nígbà mìíràn tí ipá inú páìpù bá ga jù, sísun ló ń dáàbò bo òṣìṣẹ́, ó sì sàn ju títú lọ. Síbẹ̀, gáàsì ọ̀hún ti lọ. Ìlànà tí ìjọba Nàìjíríà gbé jáde ní 2018, tó ń gba dọ́là 2 nígbà náà lórí ẹgbẹ̀rún kúbíìkì fíìtì tí wọ́n bá sun lọ́wọ́ àwọn tó ń wa àgbá epo 10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́, ìdènà ìfiṣòfò wà nínú orúkọ rẹ̀ gan-an. Òfin 1979 ti ní kí wọ́n ṣíwọ́ sísun ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1984, àyàfi ẹni tí mínísítà bá fún níwèé. Òfin náà ló sọ nípa dídá gáàsì tó bá epo jáde padà sínú ilẹ̀. "Gáàsì abépojáde" ni mo ń pe ìyẹn, n kò sì rí èyí tó rọrùn jù ú lọ.

Ẹ̀yin ọmọ Ìlàjẹ tó wà láàárín wa, kí ni àwọn apẹja ń pe iná tí wọ́n ń rí lójú omi lóru? Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ lórúkọ, mo ṣetán láti fi "àsundànù" sílẹ̀ lónìí kí á mú tiwọn.