Mo ń wá rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì àti àwọn olórin tó dá dúró
Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Kàbà. Mo ń wá àwọn olórin tí kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kankan, àti àwọn rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé ènìyàn ló ń fi etí ara rẹ̀ ṣa orin níbẹ̀, nítorí pé orin kan náà ni fóònù mi ń dá padà fún mi lójoojúmọ́. Radio Garden, ìkànnì tí a ti ń gbọ́ rédíò káàkiri ayé, tí wọ́n gbé jáde ní Netherlands ní ọdún 2016, ni mo fi bẹ̀rẹ̀: a ó yí àwòrán ayé, a ó sì tẹ ìlú tó bá wù wá. Ó dùn mọ́ mi púpọ̀, ṣùgbọ́n rédíò ibẹ̀ pọ̀ ju ohun tí mo lè dá gbọ́ tán lọ.

Dátà tún ń wọ́n mi, torí pé rédíò tó ń lo kílóbíìtì 128 ní ìṣẹ́jú àáyá kan máa ń jẹ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 58 ní wákàtí kan. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kì í jẹ tó bẹ́ẹ̀? Èyí tó sì jẹ mí lógún jù: ta ló ń fi èdè Yàgbà, Ìjùmú tàbí Bùnú kọ orin tuntun, tí mo lè ra orin rẹ̀ lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀, bóyá lórí Bandcamp, ìkànnì tí olórin ti ń ta orin rẹ̀ fúnra rẹ̀?