Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí IELTS: èsì àbúrò mi ti jáde

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Mo bèèrè bí àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ṣe lè borí ìwé kíkà nínú IELTS Academic, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, torí pé 7 ni NMC, àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, ń béèrè níbẹ̀. Ó gba 7.5! Inú ilé wa dùn gan-an.

Ìmọ̀ràn tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ni pé kó máa ka ìbéèrè ṣáájú àyọkà. Àyọkà 3, ìbéèrè 40, wákàtí 1 péré, kò sì sí àfikún àsìkò láti da ìdáhùn kọ.

Ibi tó le jù ni àwọn ìbéèrè tí ìdáhùn wọn jẹ́ True, False tàbí Not Given. Bí àyọkà bá ní àwọn àgbẹ̀ kan gbin àgbàdo, tí ìbéèrè wá sọ pé àgbàdo ni wọ́n fẹ́ràn jù, Not Given ni, torí àyọkà kò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ràn. False gbọ́dọ̀ tako ohun tí wọ́n kọ. Orí èyí la pẹ́ sí jù: fún gbogbo ìdáhùn True tàbí False, ó gbọ́dọ̀ fìka tọ́ka sí gbólóhùn tó gbè é lẹ́sẹ̀. Mo gbà pé ìyẹn gan-an ló gbé e dé 7.5.

Ẹ̀yin tó ń múra lọ́wọ́, wọn kì í yọ máàkì fún ìdáhùn tí kò tọ̀nà, ẹ má fi àyè kankan sílẹ̀ lófìfo. Ẹ ṣeun púpọ̀ o, ìbéèrè mi ti yanjú.