Ẹ̀rín ni Bergson ń wí, àbí ẹ̀sín?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi.

Nínú ìjíròrò wa lórí orúkọ Yorùbá tó yẹ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rín, ẹni tó dábàá pé kí a máa pè é ní "ìmọ̀ ẹ̀rín" sọ ọ́ re, mo fara mọ́ ọn. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni bó ṣe ní ìwé Le Rire ("Ẹ̀rín") tí Henri Bergson, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ ni òpó ìmọ̀ náà. Àròkọ mẹ́ta ni ìwé yẹn kọ́kọ́ jẹ́ nínú ìwé àtìgbàdégbà Revue de Paris, kó tó di odindi ìwé lọ́dún 1900, àkọlé kékeré abẹ́ rẹ̀ sì ti fi ibi tó ń lọ hàn: ìtumọ̀ ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín ni Bergson ń wá. Ẹ̀rín ọmọ ọwọ́ tó rí ìyá rẹ̀ kọ́ ló ń bá kiri. Ẹni tó bá fẹ́ wo ẹ̀rín láti ìhà sàíkọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, kó lọ sọ́dọ̀ Ludovic Dugas, tó gbé Psychologie du rire jáde lọ́dún 1902.

Ẹ gbọ́ ìtàn kan tí Bergson fúnra rẹ̀ sọ. Ọkọ̀ òkun kan rì nítòsí Dieppe, ìlú èbúté kan nílẹ̀ Faransé, agbára káká ni èrò díẹ̀ fi yè é nínú ọkọ̀ kékeré. Àwọn aṣọ́bodè fi ẹ̀mí wéwu, wọ́n lọ gbà wọ́n là. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wọn ni pé: ṣé ẹ ò ru ẹrù kankan tó yẹ kí ẹ sanwó ibodè lé lórí? Iṣẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára débi pé ẹnu ń sọ ohun tí ojú kò wò. Ohun tí Bergson pè ní "du mécanique plaqué sur du vivant" nìyẹn. Ẹnìkan túmọ̀ rẹ̀ síbí pé "ẹ̀rọ tí a lẹ̀ mọ́ ohun abẹ̀mí." Ó pé ní ọ̀rọ̀, àmọ́ òǹkàwé lè rò pé rọ́bọ́ọ̀tì là ń sọ. "Ẹlẹ́mìí tó ń ṣe bí ẹ̀rọ" ni èmi yóò kọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ gidi ló béèrè owó ibodè, ta ni yóò rẹ́rìn-ín?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sín wá kù. Bergson ní kí á tó lè rẹ́rìn-ín, àánú ní láti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kí ọkàn kú díẹ̀ bí ẹsẹ̀ tí a jókòó lé ṣe ń kú. Ó tún ní ìbáwí ni ẹ̀rín, pé torí àtidójú ti ẹni tí a ń rín la ṣe ń rín in. Lédè wa, "fi" ló ń gbé ìyẹn. Bí mo bá ní mo rẹ́rìn-ín, n kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ní mo fi lágbájá rẹ́rìn-ín, ìjà lè dé. Ẹni tó bá ti wo alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ ní Kétu mọ̀ ọ́n: orin tí wọ́n fi ń tú àṣírí oníwà burúkú kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde lójú mọmọ, ẹ̀rín ni fún èrò, ẹ̀sín ni fún ẹni tí wọ́n ń kọ ọ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ọkàn ẹni tó ń rín irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ kò kú rárá, ó ń ta á ni. N kò rí àyè fún un nínú ìlànà Bergson, ìdí rèé tí n kò fi fẹ́ ká so orúkọ gbogbo ìmọ̀ náà mọ́ ọn lọ́rùn.

Àbá tèmi: kí "ìmọ̀ ẹ̀rín" jẹ́ ti gbogbo gbòò, kí "ìmọ̀ ìpanilẹ́rìn-ín" jẹ́ ti Bergson. Bó bá gùn jù lẹ́nu yín, ẹ mú èyí tó kúrú wá, kó ṣáà má jẹ́ "ìmọ̀ àwàdà", torí àwọn aṣọ́bodè Dieppe yẹn kò dápàárá rárá.