Orin tó ń pa bàbá mi lẹ́kún, ṣé kí n máa fi sí i fún wọn?

Ìyá Ìbejì, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọ ọdún 74 ni bàbá mi, iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ṣe fẹ̀yìn tì. Ó ti lé lóṣù márùn-ún tí rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún wọn. Ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu wọn mọ́, iyè wọn sì ń ra: bí wọ́n bá jẹun láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán wọ́n á ní a ò fún àwọn lóúnjẹ.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àwọn aládùúgbò wa ń ṣe òkú, wọ́n ń lo sákárà. Bí gòjé ṣe dún báyìí, bàbá mi tí kò lè pe orúkọ mi tán gbe orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọ̀rọ̀ kan ò yẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi orin sí i fún wọn lórí fóònù. Tó bá jẹ́ jùjú tó yá, ẹsẹ̀ òsì wọn á máa jó lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú wọn á là. Ṣùgbọ́n orin kan wà tí a lò níbi ìsìnkú màmá mi. Tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, ẹkún ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n pa á rẹ́, pé ìbànújẹ́ á gbé ẹ̀jẹ̀ wọn ga. Bàbá sì ń fọwọ́ júwe pé kí n tún un fi. Kí ni kí n ṣe?

Nọ́ọ̀sì Súrùlérè:
Ẹ kú ìtọ́jú bàbá, mà. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, apá òsì ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ sísọ wà jù, ibẹ̀ náà ló ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Orin ń lo tọ̀tún-tòsì ọpọlọ, ìyẹn ni ẹni tí kò lè tọrọ omi fi lè kọrin. Ní ilẹ̀ Finland, wọ́n kó 60 aláìsàn rọpárọsẹ̀ jọ. Àwọn kan ń gbọ́ orin tí wọ́n yàn fúnra wọn lójoojúmọ́ fún oṣù méjì, àwọn kan ń gbọ́ ìwé tí a kà sórí kásẹ́ẹ̀tì, àwọn yòókù ò gbọ́ ọ̀kankan. Èsì rẹ̀ jáde ní 2008: àwọn tó gbọ́ orin ni ìrántí ọ̀rọ̀ wọn padà jù, ìrẹ̀wẹ̀sì wọn sì kéré sí ti àwọn tí kò gbọ́ nǹkan. Orin tí wọ́n yàn fúnra wọn ni o.

Ní ti ẹkún, ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ wọn kí orin tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n tó bá tán. Rọpárọsẹ̀ fúnra rẹ̀ sì lè jẹ́ kí ẹkún tètè yá èèyàn, ẹ sọ fún dókítà. Kí wọ́n má sì fi oògùn sílẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Èmi gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n yín. Màmá wa náà fẹ́ràn orin arò, tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ lálẹ́, wọn ò ní sùn mọ́jú.

Onígángan, Muṣin:
Bóyá alẹ́ ni kò dáa, kì í ṣe orin náà. Ara máa ń tẹ̀ lé ìlù: tí a bá sáré lù, èémí àti ọkàn á sáré, tí a bá fà á, wọ́n á rọlẹ̀. Ìwádìí kan ní 2006 tilẹ̀ rí i pé nígbà tí orin dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì, ara balẹ̀ ju ìgbà tí orin ò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí jùjú wà láàárọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń na ọwọ́ nasẹ̀, kí èyí tó rọ̀ wà nírọ̀lẹ́. Tó bá tán, ẹ pa fóònù, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ má tíì fi òmíràn sí i. Tí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì bá ń hó, ẹ ti fèrèsé.

Màmá Yábà:
Orin ìgbà èwe wọn ni kí ẹ wá, ti ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ rélùwéè. Èyí tí èèyàn gbọ́ nígbà ọ̀dọ́ ló máa ń pẹ́ jù nínú iyè. Ọdún mẹ́rin ni mo fi tọ́jú ìyá mi tó ń ṣàrán, orin ọmọge wọn nìkan ni kò sọnù.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo fi orin màmá mi sí i nírọ̀lẹ́ àná, mo wọn ẹ̀jẹ̀ wọn ṣáájú àti lẹ́yìn, kò gòkè. Wọ́n sunkún lóòótọ́. Nígbà tó tán, mo pa fóònù bí bọ̀dá onígángan ṣe wí, a jókòó síbẹ̀. Ó ṣe díẹ̀, wọ́n pe orúkọ màmá mi. Ó já gaara. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ Sátidé ló ń bọ̀ wá gbọ́ ọ fúnra rẹ̀.